Òṣùká Lásísì

Ẹ̀yin ará ilé, ǹjẹ́ ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹrù tí kò bá tíì ṣeé sọ̀, òṣùká là ń wá fún un? Ẹ ó ní ọ̀dọ̀ àwọn alábàárù ló ti wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òwe náà bẹ̀rẹ̀, òṣùká ọ̀hún kò sí lórí ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó wà.

Ọkùnrin kan wà ní Òkè-Ìrókò tó ń jẹ́ Lásísì. Pákó ló ń rù níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í bá èèyàn jà, àfi bí o bá fọwọ́ kan òṣùká rẹ̀. Aṣọ òfì bàbá rẹ̀ tó ti gbó ló ká, ó ki òwú sínú rẹ̀, ó rán an yípo. Ó nípọn, ó sì rọ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á kọ́kọ́ gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lára rẹ̀, á fi kọ́ ara ògiri, kó tó rántí kí ìyàwó rẹ̀.

Sìfáwù ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ kí ìyálé mi kẹ́ ẹ tó kí èmi."

Nígbà tí oyún àkọ́kọ́ Sìfáwù pé oṣù mẹ́jọ, ìrora kan dé. Ìdí ọ̀tún ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á gba ẹ̀yìn itan, á lọ títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ata pa okùn, tó wá ń fà á kọjá nínú ẹran ara. Bó bá jókòó láti ṣẹ́ ẹ̀gúsí, kò ní pẹ́ dìde. Bó bá dìde, á di ògiri mú. Bó bá dùbúlẹ̀, ìyẹn ló tún burú jù. Odindi ọjọ́ mẹ́rin, kò rí oorun sùn. Ohun tó sì ń bà á lẹ́rù ni pé ọjọ́ ìrọbí ń bọ̀, agbára tó fẹ́ fi rọbí sì ń tán lọ lára rẹ̀.

Ìyá Lásísì ní, "Ìjókòó ló pọ̀ jù. Ìyàwó, dìde, máa rìn."

Ìyá Múfú tí wọ́n jọ ń gbélé ní, "Kó rìn kẹ̀? Ìrìn ló fà á. Jókòó, ọmọ mi."

Sìfáwù ò fẹ́ fojú di àgbà kankan. Ó dìde fún ọ̀kan, ó jókòó fún èkejì, ó tún dìde, títí ó fi bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kọ́kọ́ bá ara yín parí ẹ̀ ná, kẹ́ ẹ wá pè mí."

Lásísì mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ara ọmọ le. "Iṣan kan ló ti ìdí lọ dé ẹsẹ̀. Ẹrù tó gbé síkùn yìí ló ń ni ín lára. Bó bá bímọ tán, á fúyẹ́. Kó máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, kó sì fi nǹkan tó rọ̀ sáàárín orúnkún méjèèjì."

Ẹ ṣe sùúrù fún Lásísì o. Látìgbà tó ti gbọ́ "ẹrù", kò gbọ́ ohun mìíràn mọ́. Níbi iṣẹ́ wọn, bí pákó bá ń ni alábàárù lọ́rùn, ẹnìkan ni yóò bá a gbé e sókè díẹ̀, títí ara á fi tù ú. Ó ní, "Ẹrù ni wọ́n pè é? Iṣẹ́ mi rè é."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti Gáníyù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ju okùn kọjá lórí igi àjà ilé ìdáná. Wọ́n so ọ̀já gbòòrò mọ́ ẹnu okùn, wọ́n gbé ọ̀já náà sábẹ́ ikùn Sìfáwù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀yin, ṣé pákó ni mo jọ lójú yín ni?"

"Fara balẹ̀. Ó fúyẹ́ àbí kò fúyẹ́?"

Sìfáwù fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀ wò. "Ó fúyẹ́ díẹ̀ o."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti dẹ okùn, ìrora á padà. Gáníyù ní òun ò lè di okùn mú fún oṣù kan gbáko, òun náà ní ìyàwó nílé. Lásísì wá so ìdí okùn mọ́ àgbò tó ń sìn de Iléyá. Ó ní àgbò yẹn tóbi, kì í sì í kúrò lójú kan.

Sìfáwù wo àgbò, ó wo okùn, ó rọra yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀já. "Ẹ kọ́kọ́ gbé ikùn tiyín sí i ná, kí n wò ó."

Lásísì gbé ikùn sí i. Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Múfú, tí kò mọ nǹkan kan, da èèpo iṣu sẹ́yìnkùlé. Àgbò gbéra, ó di eré. Lásísì gòkè! Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó ń fọwọ́ wẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́. Igi àjà dá, Lásísì wálẹ̀, ìdí rẹ̀ sì lọ bá ẹnu odó.

Sìfáwù di ògiri mú, ó fẹsẹ̀ wọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ibo ló ń dùn yín?"

"Ìdí! Iná ni!"

"Ó gba ẹ̀yìn itan?"

"Ó gbabẹ̀."

"Ó dé àtẹ́lẹsẹ̀?"

"Ó ti débẹ̀ kó o tó bèèrè."

"Ẹ kú àbọ̀," ni Sìfáwù wí.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó kígbe. Ó dojú bolẹ̀, ó kígbe. Ó wá yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó ní, "Ìyá mi, ẹ bá mi mú òṣùká mi wá." Wọ́n fi í sáàárín orúnkún rẹ̀. Ló bá mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀.

"Bí nọ́ọ̀sì ṣe wí gan-an nìyẹn," ni Sìfáwù sọ láti ẹnu ọ̀nà. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó kàn forí ti ara ilẹ̀kùn, oorun ń gbé e lórí ìdúró.

Lásísì wò ó títí. Ó fa òṣùká yọ, ó pa eyín pọ̀. "Wá gbà á. Sùn."

Ìyàwó dùbúlẹ̀, ó fi ìyálé sáàárín orúnkún, oorun gbé e lọ. Wọ́n kírun ọ̀sán, wọ́n kírun ìrọ̀lẹ́, kò jí. Ìyá Múfú fẹ́ gúnyán, Ìyá Lásísì gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ ẹ́ ní sísè." Lásísì ń wo àjà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò dún pìnpìn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà síbi iṣẹ́, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ká lé orí. Wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà.

"Lásísì, òṣùká rẹ dà?"

"Ó wà nílé. Ẹrù kan wà níbẹ̀ tí kò tíì ṣeé sọ̀."

Sìfáwù bí ọmọbìnrin láyọ̀, ìrora náà sì lọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé òṣùká fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ gba ìyálé mi. A ò jà mọ́."

Ṣùgbọ́n òṣùká ti mọ orúnkún, kò mọ orí mọ́. Pákó tí Lásísì bá gbé kà á, ńṣe ló ń yọ̀ sí apá òsì, títí ọjọ́ ogbó rẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ alábàárù bá rí i tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, tí wọ́n ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe ju òṣùká burúkú yìí nù?", á rẹ́rìn-ín, á ní kò burú, ó kàn ti ṣe iṣẹ́ tó ju pákó lọ ni: ẹrù tí kò bá tíì ṣeé sọ̀, òṣùká là ń wá fún un.