Mákánjúọlá Ṣẹ́gun Róòmù Lórí Tábìlì Oúnjẹ

Bí Cornelius Mákánjúọlá bá mọ nǹkan kan, ẹ tètè wá òwú dí etí yín. Bí kò bá wá mọ̀ ọ́n rárá, ẹ sá kúrò nílé!

Lọ́dún 1984 tó ń gbé apátímẹ́ǹtì kan ní Gulfton nílẹ̀ òyìnbó, ó ka ìwé kan ṣoṣo nípa Pírọ́ọ̀sì, ọba Gíríìkì ayé àtijọ́ tó kó erin lọ bá àwọn ará Róòmù jà. Ọba yìí borí, ó tún borí, ṣùgbọ́n ọmọ ogun rẹ̀ kú débi pé ọwọ́ òfo ló gbé padà sílé. Inú bí Mákánjúọlá. Ó ní àìrí olóye bá a dámọ̀ràn ló ba ti ọba jẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe ara rẹ̀ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọmọ́níkẹ́, nọ́ọ̀sì tó ń fẹ́ sọ́nà, wá mú un lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Pearland lọ́jọ́ Ìsinmi kan, kí bàbá rẹ̀ lè wò ó bóyá ó ṣe é fi ọmọ fún. Nínú ọkọ̀, Ọmọ́níkẹ́ bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun, ẹ dúpẹ́, ká máa lọ. Ẹ má dárúkọ ọba kankan."

"Èmi kẹ̀? Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Bàbá Adélékè, bàbá Ọmọ́níkẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà dé, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe jókòó ti oúnjẹ, ìbéèrè kan péré ló bi àlejò rẹ̀: "Iṣẹ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, sà. Ọ̀rọ̀ Pírọ́ọ̀sì ni mo dojú kọ báyìí."

"Ìrẹsì?" ni Màmá Evelyn, ìyá Ọmọ́níkẹ́, wí. "Ẹ̀bà ni mo tẹ̀ o, ọmọ mi."

"Pírọ́ọ̀sì, mà! Ọba ni!"

"Ọba ìrẹsì?"

Ọmọ́níkẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ọ̀jọ̀gbọ́n fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ó fa àwo ẹ̀bà Bàbá mọ́ra. "Róòmù nìyí, sà." Ó ṣa ẹran Bàbá kúrò nínú ọbẹ̀. "Àwọn sójà Róòmù nìyí." Ó gbé itan tọlótọló tirẹ̀ sókè. "Erin rèé! Ẹ̀yìn ló yẹ kó gbà, kì í ṣe iwájú! Wọ́n ká wọn mọ́! Wọ́n gbé wọn mì!"

Ni ó bá gbé wọn mì lóòótọ́. Bàbá ń wo àwọn ẹran rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn lọ sọ́run.

"Tí Róòmù bá wá tú," ni Bàbá rọra wí, "ta ni Pọ́ọ̀lù Mímọ́ máa kọ Ìwé Róòmù sí?"

"Kò ní kọ ọ́, sà! Ẹ fà á ya nínú Bíbélì yín!"

"Jésù!" ni Màmá Evelyn ké.

"Ó kan Jésù náà, mà! Kò sí Pílátù, kò sí àgbélébùú, kò sí..." Ó rí ojú Ọmọ́níkẹ́, ó fẹ́ tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní bíréèkì. "...kò sí Ọdún Àjíǹde!"

"A jẹ́ pé a ò tíì rí ìgbàlà?" ni Bàbá bi í.

"Ìgbàlà ń bẹ, sà! Àwọn Gíríìkì máa bá wa ṣètò ẹ̀!"

Ó ju ọwọ́ sókè láti fi ìdánilójú hàn. Erin fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó balẹ̀ sínú abọ́ ilá, abọ́ sì dojú dé sí Bàbá láyà. Ilé Róòmù tó jó, ilá ló bù sí i! Ọ̀jọ̀gbọ́n bá tún na ìka sí aṣọ Bàbá.

"Ẹ ò rí i? A ti borí!"

Bàbá Adélékè dìde, ilá ń yọ̀ wálẹ̀ lára aṣọ funfun. Kò pariwo. Ó gbá àlejò rẹ̀ léjìká mú, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

"Mákánjúọlá, o káre. O ṣẹ́gun."

Inú Mákánjúọlá dùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ ṣé, sà! Ìgbà wo wá ni kí àwọn ẹbí mi wá tọrọ Ọmọ́níkẹ́?"

"Ká ní o jẹun, tí o sì panu mọ́ ni," ni Bàbá wí bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn, "ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ì bá jẹ́."