Òfin Gẹ̀ẹ́sì Zachariah Akínladé

Bí oòrùn Èrúwà tilẹ̀ mú tó èyí tó lè yan ẹ̀pà lórí ilẹ̀, súwẹ́tà kì í kúrò lọ́rùn Zachariah Akínladé. Lọ́ńdọ̀nù ló ti rà á, nígbà tó lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún, ṣùgbọ́n òtútù oṣù mẹ́ta yẹn kò tíì kúrò lára ọkùnrin wa.

Zachariah, ahọ́n òyìnbó lẹ́nu ọmọ àgbẹ̀! Ajẹṣu-bí-ẹni-jẹ-kéèkì!

Lọ́dún 1999, Rosaline, olùkọ́ kan ní Ìgbó-Ọrà, dá ẹgbẹ́ ìjíròrò sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Oríṣiríṣi Gẹ̀ẹ́sì tí aráyé ń sọ ni ọ̀rọ̀ wọn. Ní Sátidé, àwọn ará Ìbàràpá inú ẹgbẹ́ á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, wọn á ka ohun tí àwọn tòkè òkun kọ, wọn á sì fèsì.

Zachariah wọ ẹgbẹ́ tán, ó di alága. Ó di alága tán, ó ní ẹgbẹ́ ti fẹ̀ jù.

"Gẹ̀ẹ́sì Lọ́ńdọ̀nù nìkan la ó máa jíròrò. Ẹni tí Yorùbá bá ń yọjú nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, kó máa lọ."

"Gẹ̀ẹ́sì tiwa ńkọ́, sà? Torí ẹ̀ ni mo ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀."

"Èyí tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn? Ẹ̀kọ tí kò dì ni."

Rosaline ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí òfin yìí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, òun tó bí ẹgbẹ́ ni yóò kọ́kọ́ jáde.

Ẹni tó ń rẹ ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, kó rántí pé òun náà dé fìlà. Zachariah kò rántí. Ó gbọ́ pé Hàlímọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, wá kí Búrẹ́mọ̀, bàbá rẹ̀ àgbà, ní Èrúwà. Ó pe gbogbo ará Ìbàràpá inú ẹgbẹ́ sí gbọ̀ngàn ìlú, kí Hàlímọ̀ lè wá jẹ́rìí sí Gẹ̀ẹ́sì òun. Ó pe ọ̀rẹ́, ó pe àna.

Ó ní kí ẹni tó fara mọ́ òfin nawọ́. Gbogbo wọn nawọ́, àfi Rosaline. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe Gẹ̀ẹ́sì òun ní ẹ̀kọ?

Zachariah bá dìde, ó tún táì ṣe. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì kí Hàlímọ̀ kú ìrìn. Ó kí i kú oòrùn. Ó kí Búrẹ́mọ̀ kú àlejò. Ó kí gbogbo ilé kú ìjókòó, ó sì kí àwọn tí kò ráyè jókòó kú ìdúró. Imú ló fi ń sọ gbogbo rẹ̀.

"Sọ fún wọn, ọmọ mi. Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́ nìyí?"

Hàlímọ̀ wo ojú bàbá rẹ̀ àgbà, ó wá kọjú sí Zachariah.

"Ẹ má bínú, sà. Ṣé nǹkan ṣe wọ́n ni, tẹ́ ẹ fi ń kí wọn torí pé wọ́n jókòó?"

Zachariah fa súwẹ́tà rẹ̀ wálẹ̀.

"Ìkíni ni! Gbogbo ayé ló ń kí i!"

"N kò gbọ́ ọ rí ní Lọ́ńdọ̀nù, sà. Àmọ́ ó dùn létí. Gẹ̀ẹ́sì ibo ni?"

"Gẹ̀ẹ́sì Èrúwà ni!" Àkíbù awakọ̀ ló ké bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn.

Rosaline dìde, ó kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ṣòfin, sà, wọ́n sì ti nawọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà ìta nìyẹn."

Zachariah wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá alága mìíràn wà tí yóò gba òun sílẹ̀; kò sí. Ó gbé àpò rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o!" ni gbogbo ilé wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó pinnu pé òun kò ní dáhùn. Ó rìn dé ìta. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ Èrúwà tí wọn yóò kí tí yóò panu mọ́? Ó yíjú padà.

"Oo. Ẹ kú ìjókòó o."

Kò fi imú sọ ìyẹn.