Bí Ọdẹ́kúnlé Ṣe Ṣẹ́gun Adìyẹ Tó Sàba Sínú Àpótí Ojú Ọjọ́

Ọdẹ́kúnlé, ọmọ Ọdẹ́túndé, ọmọ-ọmọ Ọdẹ́yalé tó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí erin fi jókòó wọ̀ọ̀ bí ìyàwó tuntun. Ọmọ ọkùnrin tó wo ẹfọ̀n lójú títí ẹfọ̀n fi gbàgbé ibi tó ń lọ. Òkè ńlá tí ń wọ bàtà rọ́bà, àràbà tí ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹ bá mi kí i! Ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ní í jọ.

Ẹ jókòó dáadáa o, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun à ń gbọ́ lórí ìdúró. Ìjọba ló gbé owó kalẹ̀, tó ra kọ̀ǹpútà kan sí olú ìlú, ẹ̀rọ tó tóbi tó ilé, tí ń ṣírò ìrìn afẹ́fẹ́ àti ìrìn òjò kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí orí ti tóbi tó, ẹsẹ̀ ní í gbé e rìn. Wọ́n bá gbé àpótí funfun kan wá sí Àgọ́-Ọsàn níbí, ó dúró lórí irin, ó ga dé àyà, ọ̀pá tí ń wọn ooru sì wà nínú rẹ̀ tí ń ròyìn ilé wa fún kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà náà lè sọ fún àwa àgbẹ̀ ìgbà tí a ó gbin àgbàdo. Ta ni wọ́n fi ṣọ́ ọ? Ọdẹ́kúnlé ni.

Kí ni akọni ṣe? Ó ṣí ilẹ̀kùn àpótí náà sílẹ̀ gbayawu. Ó ní ẹni tí wọ́n bá ní kó máa wo ojú ọ̀run, a kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí. Ọ̀wọ̀ ni o, ẹ má pè é ní àìmọ̀kan. Ẹnu ilẹ̀kùn ọ̀wọ̀ yìí ni adìyẹ pupa kan gbà wọlé, ó yé, ó sàba, ó gbé ikùn gbígbóná lé ọ̀pá ooru. Ni kọ̀ǹpútà ńlá bá figbe ta pé Àgọ́-Ọsàn ti di ìdí agbada àkàrà, pé òjò ò sí nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má fi irúgbìn ṣòfò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọ̀gá Ṣówándé, obìnrin tí ń darí iṣẹ́ náà ní olú ìlú, pe Ọdẹ́kúnlé lórí fóònù: "Bàbá, bí ooru yín ò bá wálẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, Olókùúta la ó gbé àpótí yẹn lọ."

Olókùúta! Ìlú tó ti ń bá wa du odò láti ayé baba wa, kí wọ́n tún wá máa fi àpótí wa yangàn!

Ọdẹ́kúnlé gbé gbérí, ẹ̀wù ọdẹ bàbá rẹ̀, wọ̀, ó dé fìlà ọdẹ lé e, ó gbé apẹ̀rẹ̀ méjì lọ́wọ́, ó rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń bẹ̀. Ó yọjú sínú àpótí, òun àti adìyẹ bá ṣe ojú mẹ́rin. Ó na ọwọ́. Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Mórádékẹ́ ni, ìyá tó bí aya rẹ̀, tó jókòó sábẹ́ igi ọsàn tó ń bó ẹ̀gúsí, òun ló sì ni adìyẹ. Ẹfọ̀n ò ba Ọdẹ́kúnlé lẹ́rù rí, ṣùgbọ́n àna kì í ṣe ẹfọ̀n. Gbì! Ó dọ̀bálẹ̀. Ó dìde, ó tún na ọwọ́. Ìyá tún wúkọ́, akọni tún délẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

"Ọkọ Mórádékẹ́, kí lò ń wá nídìí adìyẹ mi?"

"Màmá, ìjọba ló rán mi."

"Ṣé ìjọba ló bá a yé ẹyin ni?"

Ọdẹ́kúnlé ò dìde mọ́. "Màmá, bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ yìí náà ni mo dọ̀bálẹ̀ tí ẹ fi fún mi ní Mórádékẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, adìyẹ yìí ni mo tún wá tọrọ. Bí ẹ ò bá gbà, ibí ni màá sùn."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dànù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Kí lo mú wá fún ìdána?"

"Àgbàdo ni, màmá. Ẹ ṣáà jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ní ká gbìn ín ná."

"Ó dáa, gbé e. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí oòrùn rọ̀, kó má baà kọ ẹyin rẹ̀. Bí ọ̀kan bá fọ́, ìwọ lo máa wá sàba èyí tó kù."

Oòrùn rọ̀, ogun dé. Adìyẹ wú bí ìyẹ̀fun tó mu ẹmu, ó fẹnu ṣá akọni lọ́wọ́, ó ṣá a nímú, ó fi ìyẹ́ gbá a létí, fìlà ọdẹ fò lọ sínú ẹ̀gúsí. Ọdẹ́kúnlé ò yẹsẹ̀! Ìrókò kì í torí ẹyẹ ṣí nípò. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ikùn iná, ó gbé ọ̀tá tìyẹ́tìyẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ó kó ẹyin tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kó ojú ara rẹ̀, ó fi apẹ̀rẹ̀ kejì dé e, ó wá pa ilẹ̀kùn àpótí dé, gbàgà! Ẹyin kan ò sán.

Ilẹ̀ mọ́, fóònù dún.

"Bàbá! Ooru yín ti wálẹ̀ o! Kọ̀ǹpútà ní òjò ń bọ̀ lọ́jọ́rú, kí gbogbo agbègbè yín máa gbìn. Àpótí ò lọ síbì kankan mọ́. Kí lẹ tiẹ̀ ṣe sí i?"

Ọdẹ́kúnlé wo ọwọ́ rẹ̀ tí ẹnu adìyẹ ti dá lu. "Ogun ni, ọ̀gá mi. Ogun ni."

Nítorí náà, kí àwọn tó wà lóko gbọ́, kí àwọn tó wà lódò gbọ́, kí Olókùúta gbọ́ kí inú bí wọn: ìjọba ló ra ọpọlọ tí ń ro òjò, a dúpẹ́, a tọ́pẹ́ dá, ṣùgbọ́n ní Àgọ́-Ọsàn, Ọdẹ́kúnlé, ọmọ Ọdẹ́túndé, ni ọkùnrin tó gbé ìdí adìyẹ kúrò lórí rẹ̀!