Orí Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta

Aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú. Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tí ọkùnrin kan já wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Àkòtò tí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ máa ń dé ló wà lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tóbi bíi bàsíà: ó ti sọ̀ kalẹ̀ bo etí méjèèjì, ó kù díẹ̀ kó gbé imú mì. Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ sọ sínú fóònù pé, "Ó ti dé. Ẹ má pa á o," ó sì dojú fóònù dé orí káńtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tó ń lẹ̀ lọ́wọ́.

Ta ni ò mọ ọkùnrin yìí? Akọ̀wé ni nílé iṣẹ́ tó wà lókè títì. Mo-ti-mọ̀ ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ohun tẹ́ ẹ máa ṣàlàyé fún un tí kò ní fi ìyẹn dá yín lóhùn kẹ́ ẹ tó parí.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Oníkẹ̀kẹ́! Ẹ dá mi lóhùn kíákíá! Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń ti géètì. Mo pẹ́ níjẹta, mo pẹ́ lánàá. Bí mo bá tún pẹ́ lónìí, ìwé gbélé-ẹ ni!"

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Kí ló wá dá yín padà?"

"Ẹ̀n?"

"Mo ní kí ló dá yín padà!"

"Ẹ má pariwo mọ́ mi, mo gbọ́. Mẹ́gáàdì ni! Wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ wá ò gbọ́dọ̀ wọlé àfi tó bá dé àkòtò tó bá orí ẹ̀ mu. Èmi dé àkòtò. Mẹ́gáàdì wá ti ikùn ṣáájú," Mo-ti-mọ̀ náà ti ikùn ṣáájú, ó sọ ohùn ẹ̀ di ti àgbà ọ̀pọ̀lọ́, "ó ní, 'Ẹ-mi-orí-yín-kí-n-rí-i.' Mo mi orí. Àkòtò ò bá mi mì. Èmi ń wo géètì, àkòtò ń wo títì. Ló bá ní kí n máa padà lọ!"

Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. "Ọ̀gá, ọkọ mi ni mẹ́gáàdì yẹn o."

"Áà! Ọkọ̀ yín ló wà níta yẹn? Ẹ kú oríire! Funfun báláú. Ẹ ó lò ó pẹ́."

"Ọkọ! Ọkọ mi!"

"Mo ti mọ̀, mo ti mọ̀. Ọkọ̀ yín. Ẹ má pariwo ẹ̀ jù, ayé le."

Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ wo fóònù, ó wo ọkùnrin yìí. Ó ní nínú ara ẹ̀ pé kí òun kọ́kọ́ tú etí sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ á wá rí ibi gbà wọlé.

"Ẹ ṣí i kúrò lórí kí n wò ó."

"Kò ṣeé ṣí. Ìdè ẹ̀ rú mi lójú, mo bá ta á ní kókó. Kókó méje."

"Kókó méje! Ṣé ewúrẹ́ lẹ fẹ́ so mọ́lẹ̀ ni?"

"Ààbò ni!"

"Ta ló bá yín yan èyí tó tóbi tó báyìí?"

"Èmi fúnra mi ni. Ìyàwó mi fi téépù wọn orí mi, ó ní mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ẹ gbọ́ o! Mẹ́tà-DÍN! Orí tèmi! Mo ní kò sẹ́ni tó máa dín nǹkan kan kù nínú orí tí ìyá mi bí mi mọ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún mi, mo ní kó fún mi ní mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Iwájú iwájú là ń lọ."

"Ọ̀gá, orí kì í ṣe owó oṣù, wọn kì í bẹ̀ ẹ́ pé kó lé."

"Á dàgbà bá a. Bí wọ́n ṣe ń ra bàtà fọ́mọ nìyẹn."

"Ọmọ ọdún mélòó lẹ?"

"Mẹ́rìnlélógójì. Ṣẹ́ ẹ rí i? Lé náà ló wà ńbẹ̀!"

Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ ki ọwọ́ sáàárín àkòtò àti orí. Gbogbo ọwọ́ ẹ̀ wọlé títí dé ọrùn ọwọ́, àyè tún ṣẹ́ kù tí ológbò lè sùn sí.

"Ṣé èyí fún yín rárá?"

"Ta ló máa fún mi? Mo sọ fún yín pé mo rà á ni!"

"Mo ní, ṣé ó fún yín lórí!"

"Ta ló ń fún èèyàn lórí? Ọlọ́run ló fún mi lórí!"

"Ó dáa. Ọlọ́run fún yín. Àmọ́ àkòtò yìí ò fún yín."

"Àmín, ìyá."

Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ mí kanlẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó ń pariwo díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ níwèé. "Ẹ wò ó. Àkòtò ò gbọ́dọ̀ bo ojú, kò sì gbọ́dọ̀ sá lọ sípàkọ́. Lókè ojú yín níbí, ìka méjì ló gbọ́dọ̀ wà!"

"Ìkà méjì?" Mo-ti-mọ̀ lu káńtà, fóònù fò sókè. "Ìkà kan ṣoṣo ni! Mẹ́gáàdì yẹn! Ìkà paraku! Ikùn bí àpò ìrẹsì, ojú bí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì pa! Bó bá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, géètì yẹn á ya fúnra ẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ irú obìnrin tó fẹ́ ẹ ni. Ó ní láti jẹ́ pé obìnrin náà ò ríran."

"Ó ríran dáadáa o."

"Ẹ̀yin ni ẹ ríran. Obìnrin yẹn ni mò ń wí."

"Ìka! Ìka ọwọ́! Èyí!" Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ na ìka méjì sí i lójú.

"Ó ku ìṣẹ́jú méjì? Yéè! Mo gbé!"

"Ó ku mẹ́tàlá! Ẹ dúró síbì kan! Ẹ gbé orí sókè, kí n tú kókó tó wà lábẹ́ àgbọ̀n yín."

"AGBỌ́N?"

Kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fò, ó gbá ara ẹ̀ létí ọ̀tún, ó gbá ti òsì. Àkòtò yí po, ẹ̀yìn ẹ̀ bọ́ síwájú, ó bo gbogbo ojú ẹ̀. Ló bá lọ forí gbá táyà tí wọ́n fi kọ́ òkè, táyà gbá a padà.

"Ó ti ta mí! Ó ti wọnú ẹ̀! Ìyá, ilẹ̀ ti ṣú!"

"ÀGBỌ̀N! Ibi tí irùngbọ̀n ń hù sí! Ẹ má mira!"

Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ mú sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé rọ́bà táyà. Kókó méje, gígé kan. Àkòtò bọ́, etí méjèèjì yọ, wọ́n pọ́n, wọ́n ń wò yíká bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé.

Mo-ti-mọ̀ tẹ́tí sílẹ̀. "Kí ló ń dún tó bẹ́ẹ̀?"

"Aago ara ògiri ni. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dún." Ó ti fa téépù yọ, ó ti fi yí orí náà po. "Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta géérégé. Ìyàwó yín ò purọ́."

"Ẹ rọra pe dín yẹn, ìyá. Àwọn èèyàn ń kọjá."

Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ gbé àkòtò aláwọ̀ ewé kan sílẹ̀ látorí pẹpẹ, ó fi dé e, ó fi ìka méjì wọn òkè ojú ẹ̀. Ó yí nǹkan róbótó tó wà ní ìpàkọ́ bí ẹni ń dé ìgò, ó de okùn, ó ti ìka kan bọ abẹ́ ẹ̀ wò.

"Ẹ ya ẹnu gbàgà."

"Àáááà."

"Ṣé ó fún yín?"

"Ó fún mi díẹ̀, àmọ́ kò dùn mí."

"Ìyẹn la fẹ́. Ẹ mi orí."

Ó mi orí sọ́tùn-ún, àkòtò bá a lọ. Ó mi í sósì, àkòtò bá a bọ̀. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó tún ń mì í ṣáá bí aláǹgbá.

"Ẹ gbọ́ èyí kẹ́ ẹ tó lọ. Ọṣẹ àti omi tútù ni kẹ́ ẹ máa fi fọ̀ ọ́, kó má bàa máa mú òórùn. Ẹ má fi sílẹ̀ sínú oòrùn, á bà á jẹ́. Bó bá sì bá yín ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, bí ò tiẹ̀ sán, ẹ ra òmíràn, kẹ́ ẹ má lọ gun kẹ̀kẹ́ dé ọ̀run."

"Òórùn, oòrùn, ọ̀run. Ìyá, mo gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀!" Mo-ti-mọ̀ kó owó sórí káńtà, ó ti di ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ṣeun o! Kí Ọlọ́run máa bá yín ṣọ́ ọkọ̀ funfun yẹn!"

"Mi ò ní ọkọ̀."

"Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ní…"

"Ọkọ ni mo pè. Ọkọ mi. Mẹ́gáàdì."

Táyà kan ń jò nínú kọ̀rọ̀. Fììììì.

"Mẹ́gáàdì tó… tí ikùn ẹ̀…"

"Bí àpò ìrẹsì. Èmi tí mi ò ríran nìyí."

Mo-ti-mọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú àkòtò tuntun lórí. Àkòtò ò mì. "Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ má sọ fún wọn!"

"Èmi? Mi ò ní sọ nǹkan kan." Ó nawọ́ sí fóònù tó wà lórí káńtà. "Òun ló pè mí kẹ́ ẹ tó wọlé. Ó ní ọkùnrin kan ń bọ̀ tó dé bàsíà, kí n jọ̀ọ́ bá òun wá èyí tó bá a mu, òun ò fẹ́ kó ṣubú lójú títì. Látìgbà yẹn ló ti wà lórí fóònù."

Mo-ti-mọ̀ fò dìde, ó gbá àkòtò bàsíà mú, ó fi dé fóònù mọ́lẹ̀ bí ẹni fi agbọ̀n dé adìyẹ.

Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ gbé etí àkòtò sókè díẹ̀, ó ki etí tiẹ̀ bọ abẹ́ ẹ̀. "Ẹ̀n… Ẹ̀n-ẹ́n… Mo gbọ́, olówó orí mi." Ó nà ró. "Ó ní kẹ́ ẹ tètè máa bọ̀. Àwọn tó kù ti wọlé tán, àmọ́ òun ò tíì ti géètì pa. Ó ní òun fi sílẹ̀ fún yín níwọ̀n ìka méjì."

Mo-ti-mọ̀ ti ń fa kẹ̀kẹ́ ẹ̀, ló bá dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, ó ní ohun tí kò mọ̀.

"Ìyá, ẹ dákun, ìka ni wọ́n pè, àbí ìkà?"

"Ìyẹn dọwọ́ bẹ́ ẹ bá ṣe kí i."