Áyọ́ọ̀nù Ilé Ìránṣọ Wa

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi darúgbó: ọjọ́ tí mo ba aṣọ ìgbéyàwó Ìbùkún, ọ̀rẹ́ mi, jẹ́.

Ní Ayétòrò ìgbà náà, ìlú wa létí òkun, ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo wa. Áyọ́ọ̀nù eléèédú kan ṣoṣo ló wà ní ilé ìránṣọ, Màmá tó jẹ́ olórí wa níbẹ̀ sì máa ń fi òróró àgbọn pa ìdí rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Lójú èmi ọlọ́gbọ́n ayé, ìdọ̀tí ni òróró yẹn. Aṣọ funfun Ìbùkún wà lọ́wọ́ mi láti lọ̀, ọjọ́ kejì ni ìgbéyàwó, mo sì búra pé òróró ò ní kan án. Ni mo bá fi yanrìn àti omi òkun ha áyọ́ọ̀nù náà títí ó fi ń dán. Mo gbé e sójú fèrèsé kí atẹ́gùn òkun fẹ́ ẹ gbẹ, mo bá tèmi lọ. Inú mi dùn gan-an.

Láàárọ̀, ìkánjú ò jẹ́ kí n yẹ ìdí rẹ̀ wò. Mo koná sí i, mo wọ́n omi sáṣọ, mo gbé áyọ́ọ̀nù lé àyà aṣọ náà. Ìgbà tí mo gbé e kúrò, àmì pupa rúsúrúsú ti wà níbẹ̀. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó tún fẹ̀ sí i. Mo tún gbé áyọ́ọ̀nù lé ẹ̀yìn aṣọ, bóyá ìdọ̀tí ìdí rẹ̀ ti tán. Kò tán; àmì pupa tún hàn lẹ́yìn náà.

Màmá wọlé, ó fi àkísà ra ìdí áyọ́ọ̀nù. "Ọma mi, ó ti dógùn-ún. Ta ló bọ́ òróró rẹ̀?"

"Èmi ni, Màmá."

"Iyọ̀ àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wa yìí, irin ni wọ́n ń jẹ. Òróró ni kì í jẹ́ kí wọ́n rí i jẹ. Ìwọ wá tún fi omi òkun wẹ̀ ẹ́!"

Aṣọ funfun míì ò sí nílùú. Ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ kó òmíràn wá ṣì ku ọ̀sẹ̀ kan kó dé. Mo fi ẹkún lọ bá Ìbùkún. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé n ò lè wò ó lójú. Òun náà sunkún díẹ̀, ó wá nu ojú tèmi.

"Òdòdó lèmi máa fi bo àyà," ó ní. "Ẹ̀yìn ńkọ́? Ìwọ lo ṣe é, ìwọ lo máa bò ó."

Bí mo ṣe lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyàwó láti orí afárá pákó títí dé ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ó jó, mo jó. Ó yí, mo sáré yí. Ìyá àgbà kan bá bi ọkọ ìyàwó pé, "Ṣé àwọn méjèèjì lo fẹ́ ni?" Ọkọ náà wo ìyàwó, ó wo èmi, ojú rẹ̀ sì dàrú.

Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó tún nǹkan àgbàlagbà ṣe, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ọjọ́ náà ṣì ń mú mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí ojú ọkọ yẹn, ẹ̀rín ni mo máa ń bú sí.