Kìnnìún Jẹ́lé-ó-sinmi

Ọkùnrin kan wà tó gbà tọkàntọkàn pé Ọlọ́run ò dá ohùn méjì bíi tòun. Bó bá kí ọ pé "ẹ káàárọ̀", wàá kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wò bóyá odindi ìjọ kan ló ń kí. Tísà jẹ́lé-ó-sinmi ni, àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún ló ń kọ́, ṣùgbọ́n kì í pe ara rẹ̀ ní tísà. Ohùn-Àrá ló ń pe ara rẹ̀. Òun ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ náà, òun náà ló sì ń rán àwọn èèyàn létí bí wọ́n bá gbàgbé.

Ohùn-Àrá, ọkọ dígí! Aláhọ́n-bí-agogo! A-ka-ìwé-láìṣí-i!

Ohun tó fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni àkókò ìtàn. Àwọn ọmọ á jókòó sórí ẹní, òun á yan ìwé aláwòrán kan, á sì ṣe é bí eré. Ó mọ̀ ọ́n ṣe o, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ìyọnu kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé èèyàn kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú gbogbo ìtàn rẹ̀, òun sì ni. Bí ìwé bá dá lórí adìyẹ mẹ́ta, adìyẹ kan á sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, méjì yòókù á kú lójú ewé kejì.

Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé ilé-ìkàwé ìlú fẹ́ ṣí yàrá kan fún àwọn ọmọdé. Wọ́n á gbé àga ńlá kan síbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò sì máa jókòó lé e ní gbogbo Sátidé láti kàtàn. Wọ́n á ya fọ́tò onítọ̀hún, wọ́n á gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, á ga tó ilẹ̀kùn. Olórí ilé-ìkàwé ń bọ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe àkókò ìtàn ní jẹ́lé-ó-sinmi náà, kó tó mọ ẹni tí yóò mú.

Ohùn-Àrá ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn "á ga tó ilẹ̀kùn."

Nílé, ìyàwó rẹ̀ bá a níwájú dígí, ó ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó dáa jù fún fọ́tò nínú méjèèjì.

"Olówó orí mi, ṣé wọ́n ti fún yín ní àga náà ni?"

"Wọn ò tíì fún mi. Ta ló tún kù tí wọ́n fẹ́ fún?"

"Mo kàn ń béèrè ni. Ẹ ti sọ fún onílé wa, ẹ ti sọ fún onígbàjámọ̀ yín, ẹ tún ti sọ fún àwọn àbúrò mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Mo ní kí wọ́n wá wò mí lọ́jọ́ Ẹtì."

"Tí wọn ò bá wá mú yín ńkọ́?"

Ohùn-Àrá wò ó tàánútàánú, bí ẹni ń wo ẹni tí ibà kọlù lójijì. Ó padà sídìí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ jókòó ti apẹ̀rẹ̀ ìwé láti yan èyí tí wọ́n á lò. Àǹtí Kékeré ni gbogbo ilé-ìwé ń pe ọmọbìnrin yìí. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Òun ló máa ń tẹ́ àwọn ọmọ sùn lọ́sàn-án lẹ́yìn oúnjẹ. Ní àsìkò yẹn, yàrá àwọn tísà ni Ohùn-Àrá máa ń wà, tó ń fi omi gbígbóná àti oyin tọ́jú ọ̀fun.

"Èyí ńkọ́, sà? Ti ìgbín tó ń wá ọ̀nà ilé."

"Ta ni màá ṣe níbẹ̀?"

"Ìgbín, sà."

"Èmi? Kí n máa wọ́ nílẹ̀ níwájú àwọn àna mi?"

"Ti òjò yìí náà dùn, sà. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ibi tó ti—"

"Òjò ò lẹ́nu."

"Ti ìyá àgbà tó ń wá awò ojú rẹ̀—"

"Gbé e jìnnà sí mi."

Ìgbà náà lojú rẹ̀ bá a nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀: ìwé kan tí kìnnìún wà lẹ́yìn rẹ̀, irun ọrùn rẹ̀ kún bí igbó. Etí ìwé náà ti jẹ, wọ́n ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́ níbi mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ ọmọdé á mọ̀ pé ìwé tó bá gbó tó báyìí, wọn kì í fi í ṣeré. Irun nìkan ni Ohùn-Àrá rí.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí lo wá tọ́jú èyí pamọ́ fún?"

"Sà, ìyẹn... ìwé oorun wa nìyẹn. Kìnnìún inú rẹ̀ ò—"

"Má ṣàlàyé fún mi. Ṣé kìnnìún wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

"Ó wà níbẹ̀, sà. Ojú ewé gbogbo ló wà."

"Ojú ewé gbogbo!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ṣùgbọ́n ẹ kàn bá mi ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan péré—"

"Àǹtí Kékeré, èmi kì í ka ìwé. Mo máa ń ṣe é ni."

Àǹtí Kékeré kó àwọn ìwé yòókù padà sínú apẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣe tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ìwé náà fún ẹ̀yin, nígbà tó jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbọ́. Kìnnìún kan sùn sójú ọ̀nà odò. Èkúté fẹ́ lọ mu omi, ó yọ́ kọjá. Pẹ́pẹ́yẹ yọ́ kọjá, ewúrẹ́ yọ́ kọjá, erin pàápàá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Ẹ rọra o, kìnnìún ń sùn." Lójú ewé tó gbẹ̀yìn, kìnnìún yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó sì ń bá oorun rẹ̀ lọ. Ó parí.

Láti ìgbà tí ilé-ìwé ti wọlé ni Àǹtí Kékeré ti ń kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún wọn lọ́sàn-án. Ó ti di òfin ní kíláàsì pé bí ìwé yẹn bá ti jáde, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbóhùn sókè. Ọmọ kan forí sọ bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ kan, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sunkún títí wọ́n fi kàwé tán.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Háà, èrò kún! Àwọn òbí jókòó sórí àga àwọn ọmọ, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Onílé wá, onígbàjámọ̀ wá, àwọn àna mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò sẹ́yìn pẹ̀lú ìyàwó. Olórí ilé-ìkàwé, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó mú ìwé àkọsílẹ̀ dání, jókòó ti ọ̀gá ilé-ìwé.

Ohùn-Àrá wọlé. Ó ti ní kí aránṣọ fi òwú pupa rán irun kìnnìún fún un, ó sì wúwo lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni ru garawa omi. Ó gbé ìwé sókè.

Àwọn ọmọ mẹ́rìnlélógún rí ẹ̀yìn ìwé náà. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n jókòó jẹ́jẹ́, wọ́n fi ìka lé ètè. Yàrá náà pa lọ́lọ́.

"Wọ́n ti gbà fún mi," Ohùn-Àrá sọ nínú ara rẹ̀. Ó fa èémí títí bọ́tìnnì fi ń bẹ̀bẹ̀.

"ÈMI NI KÌNNÌ—"

"Ṣṣṣ!"

Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká ni, wọ́n ń pè é ní Ìyá Kíláàsì. Ohùn-Àrá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn àlejò, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"ÈMI NI KÌNNÌÚN, ỌBA GBOGBO—"

"Ṣṣṣṣṣ!" Gbogbo wọn ni lọ́tẹ̀ yìí.

"Tísà, ẹ máa jí kìnnìún," Ìyá Kíláàsì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Èmi gan-an ni kìnnìún náà!"

"Ẹ dùbúlẹ̀ nígbà yẹn."

Òbí kan bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà bá a wú u.

"Kìnnìún tèmi ò sùn," ni Ohùn-Àrá wí. "Ńṣe ló ń bú ramúramù."

"Kò sí níbẹ̀," ọmọ mìíràn wí. "Ẹ ṣí i wò. Ẹ ò tíì ṣí ìwé."

Òótọ́ ni. Kò tíì ṣí i. Ó ṣí i. Lójú ewé kìn-ín-ní, kìnnìún ń sùn. Lójú ewé kejì, kìnnìún ń sùn. Ó yára fò lọ sáàárín, kìnnìún ń sùn. Ó ṣí ẹ̀yìn pátápátá, kìnnìún ń sùn, àmọ́ ó ti kọjú sí apá kejì.

"Tísà, ṣé ẹ ò kà á rí ni?"

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni Ìyá Kíláàsì béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú yàrá tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn àna lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

Ohùn-Àrá pa ìwé náà dé. Ìyá Kíláàsì fà á lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé wọlé, ó mú un dé orí ẹní. "Ẹ gbórí síbí. Ẹ dijú. Ẹ má yọjú wò o."

Kí ló fẹ́ ṣe? Yálà kó bá ọmọ ọdún márùn-ún jà lójú àwọn àna rẹ̀, tàbí kó dùbúlẹ̀. Ó dùbúlẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé mi orí sí Àǹtí Kékeré. Ọmọbìnrin náà mú ìwé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká kí àwòrán lè kọjú sí àwọn ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Àwọn ọmọ tó ń ṣe èkúté dìde, wọ́n yọ́ kọjá lẹ́bàá orí kìnnìún. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ tẹ̀lé wọn, ìdí wọn ń jó. Ó kan àwọn erin, onílé fi ọwọ́ bo ẹnu, kò mí.

Ohùn-Àrá gbórí sókè. "Ibí yìí gan-an ni kìnnìún máa ń—"

"Ṣṣṣ!" Onígbàjámọ̀ rẹ̀ wà nínú àwọn tó ṣe é. Àwọn àna náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí ìtàn parí, àwọn ọmọ ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe: wọ́n dùbúlẹ̀ yí kìnnìún ká. Kò pẹ́, gbogbo wọn sùn lóòótọ́. Ọ̀kan gbé ẹsẹ̀ lé e láyà, ọ̀kan fi irun òwú ṣe ìrọ̀rí.

Olórí ilé-ìkàwé bọ́ bàtà, ó mú un dání, ó yọ́ lọ bá Àǹtí Kékeré. "Ẹ kú iṣẹ́," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, gbogbo yàrá sì gbọ́ ọ. "Aago mẹ́wàá, Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ̀yin lẹ ni àga náà."

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀. "Kìnnìún yìí náà dáa gan-an. Ṣé ó lè máa ráyè wá sùn fún wa?"

Ohùn-Àrá la ẹnu. Ọmọ tó gbé ẹsẹ̀ lé e láyà mira. Gbogbo àgbàlagbà inú yàrá fi ìka lé ètè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Á ráyè, mà," ìyàwó rẹ̀ dáhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ẹ̀yìn. "Èmi fúnra mi ni màá máa mú un wá."