Asáré Agbọ̀nlé Tó Dọ̀bálẹ̀ Tí Kò Lè Dìde

Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi ń wí pé, "Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ"? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìlú wa, Agbọ̀nlé, ló ti ṣẹlẹ̀, ó sì ń dùn wá títí dòní.

Odò kan ṣoṣo ni àwa àti àwọn ará Ìdí-Àgbálùmọ̀ jọ ń pọn. Lọ́dọọdún, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fẹ́ wọlé, asáré kan láti ìlú kọ̀ọ̀kan á sá lọ sí Òkè Arọ, á sì sá padà. Ìlú tí tirẹ̀ bá gbẹ̀yìn, omi tí àwọn kejì bá ti kọ́kọ́ pọn, tí wọ́n ti dà rú, ni wọn yóò máa mu títí òjò yóò fi rọ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko la ti ń gbẹ̀yìn. Bí a bá ń jẹ ọbẹ̀, iyanrìn a máa ró lẹ́nu wa.

Lọ́dún keje, Láwọyin ni asáré wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀ títẹ́jú, ṣùgbọ́n tó bá ti kan òkè, orúnkún rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàbá Olúgbodi, asáré àtijọ́, ló gbà á nímọ̀ràn.

"Eré ọ̀nà jíjìn kì í ṣe ti ẹsẹ̀ nìkan, ọmọ mi. Ti itan àti ìbàdí ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, gbé ọmọ ọlọ lé èjìká, máa lóṣòó, máa dìde. Tí eré bá ku ọjọ́ mẹ́ta, sinmi."

Kò pẹ́ tí Láwọyin fi ń gun òkè bí ewúrẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ó ní bí ọmọ ọlọ bá lè ṣe báyìí, odó ńkọ́? Ó gbé odó. Ó sọ odó sílẹ̀, ó gbé àgbò Baálẹ̀. Àgbò kàn án nígbáàyà, kò sọ ọ́ kalẹ̀.

Nígbà tí eré ku ọ̀la, ọ̀wẹ̀ àna rẹ̀ pé. Ọkùnrin mẹ́wàá gbé ọkọ́ wá láti bá a kọ ebè lóko bàbá ìyàwó rẹ̀, bí a ti ń ṣe é. Ó lé gbogbo wọn.

"Ẹ máa lọ sílé. Mo fẹ́ kí itan mi le sí i."

"Láwọyin, ọ̀la leré o!" ni Bàbá Olúgbodi kígbe.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá."

Igba ebè ló kọ. Òun nìkan!

Ilẹ̀ mọ́. Àwọn asáré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún Baálẹ̀ kí wọ́n tó sáré. Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀. Ti Ìdí-Àgbálùmọ̀ dìde, ó fi eré sí i. Tiwa ṣì wà nílẹ̀.

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Dìde," ni Baálẹ̀ wí.

"Ẹ ṣé, bàbá."

"Mo ní kí o dìde!"

"Ẹ má bínú, bàbá. Itan ni kò gbà."

A gbé e nàró, ó tún wó lulẹ̀. Àwọn obìnrin wa káwọ́ lérí, wọ́n ń sunkún omi. Láwọyin ṣì dojú bolẹ̀ nígbà tí èkejì rẹ̀ ti Òkè Arọ dé, tó fò ó ré kọjá, tó sì gba odò lọ́wọ́ wa.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyàwó rẹ̀ fi ń fi omi ẹrẹ̀ gbígbóná jó o nítan. Lọ́jọ́ kan, Ṣówèmí wọlé, ọ̀lẹ paraku tí kò di ọkọ́ mú rí láyé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹní Láwọyin.

"Mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ ìdùbúlẹ̀ jù mí lọ nílùú yìí. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo ọ̀lẹ mi, mi ò dùbúlẹ̀ lójú eré rí. Láti òní lọ, ìwọ ni baba mi."

Láwọyin bú sẹ́kún. Àwa náà bú sẹ́kún, nítorí òùngbẹ ń gbẹ wá. Bàbá Olúgbodi mi omi ẹrẹ̀ inú ife rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ."